Àdúrà fún Ọba Nílùú Ọba

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń palẹ̀ mọ́ de ìgbadé Charles Kẹta, àlejò méjì kan sùn láàfin St James's. Ephraim Mirvis ni, Rábì Àgbà àwọn Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n nílé tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà. Ṣùgbọ́n Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbé adé lé ọba lórí, ọjọ́ ìsinmi Júù sì ni Sátidé, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Jímọ̀. Ẹni tó bá ń pa á mọ́ kò ní wọ mọ́tò, kò ní tan iná, kò ní sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọba ló ní kí wọ́n wá sùn sítòsí, kí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé Westminster Abbey láàárọ̀. Oúnjẹ tó bá òfin ẹ̀sìn wọn mu ni wọ́n gbé síwájú wọn. Nígbà tí ìsìn parí, tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tí kì í ṣe Kristẹni tò lẹ́nu ọ̀nà láti kí ọba, ohùn lásán ni gbogbo wọn fi kí i, láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí Rábì Àgbà.

Ó lé ní 830 ọdún ṣáájú ìgbà náà tí àwọn Júù kan ti wá kí ọba tuntun ní Westminster yìí kan náà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1189 ni, ọjọ́ tí Richard Kìíní gorí oyè. Wọ́n ti kéde pé Júù kankan kò gbọdọ̀ yọjú. Àwọn àgbààgbà wọn gbé ẹ̀bùn wá síbẹ̀síbẹ̀, torí ta ni yóò gbọ́ pé ọba jẹ tí kò ní lọ kí i? Lílù ni wọ́n lù wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀mí sì bọ́. Ìró wá ń tàn káàkiri ìlú pé ọba ló pàṣẹ kí wọ́n pa wọ́n, ni àwọn èrò bá ya bo àdúgbò Júù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń dáná sun ilé. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ẹ̀bùn wá ni Benedict ará York. Wọ́n lù ú títí ó fi gbà kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún òun. Lọ́jọ́ kejì, Richard bi í pé irú ẹni wo ni. Ó ní Júù lòun. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tó wà níbẹ̀ dáhùn pé bí kò bá fẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́run, kó lọ máa jẹ́ ti Sàtánì. Benedict kò dé ilé. Ojú ọ̀nà ni egbò náà pa á sí.

Àwa Yorùbá ló ń pe ilẹ̀ náà ní Ìlú Ọba. Bí ẹ bá bi mí, kò sí ìran tí orúkọ yẹn bá mu tó àwọn Júù ibẹ̀, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn kò ti kúrò lọ́wọ́ ọba. William tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló mú wọn wá láti Rouen nílẹ̀ Faransé. Ìjọ Kristẹni lòdì sí gbígba èlé lórí owó, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọn kò sì gba Júù sí. Ọba ń fẹ́ owó. Bí àwọn Júù ṣe di olówó ṣógundógójì nìyẹn, tí wọ́n wá ń bú wọn fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún wọn. Lójú òfin, ohun ìní ọba ni wọ́n. Ó ń ṣọ́ wọn bí a ṣe ń ṣọ́ àgbò Iléyá: kò sí ọmọ aráyé tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, onílé ń já ewé fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ìdí tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Aaron ará Lincoln, ọ̀kan nínú àwọn olówó tó lówó jù nílẹ̀ náà, kú ní 1186, ọba kó gbogbo ohun tó fi sílẹ̀. Gbèsè táwọn èèyàn jẹ Aaron pọ̀ débi pé wọ́n ní láti dá ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ sílẹ̀ láti máa gbà á fún ọba.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní Westminster dé York ní oṣù Kẹta ọdún 1190. Nǹkan bí 150 Júù, tọkọtaya tọmọtọmọ, sá wọ ilé ìṣọ́ ọba tí wọ́n fi igi kọ́ sórí òkìtì kan láàárín ìlú. Lára àwọn tó ṣáájú èrò tó yí wọn ká ni àwọn ìjòyè tó jẹ wọ́n lówó. Ní alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 16, nígbà tí wọ́n rí i pé kò sọ́nà àbáyọ mọ́, ọ̀pọ̀ bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa aya àti ọmọ kí wọ́n tó pa ara wọn. Àwọn díẹ̀ tó jáde láàárọ̀, tí wọ́n ti ṣèlérí fún pé ìrìbọmi yóò gbà wọ́n là, wọ́n pa wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Èrò náà kò lọ sílé o. Wọ́n gba inú kàtídírà lọ, níbi tí àwọn ìwé gbèsè wà, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n sì fi iná sun wọ́n nínú ilé Ọlọ́run. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Inú bí Richard gidigidi, owó rẹ̀ ló jóná. Láti 1194, òfin dé pé kí wọ́n máa kọ ìwé gbèsè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí tó ní àgádágodo lábẹ́ ojú ìjọba nínú àwọn ìlú ńláńlá. Àpótí ni wọ́n rí dáàbò bò. Òkìtì York wà níbẹ̀ dòní, ilé ìṣọ́ olókùúta ló ti dúró lé e báyìí, wọ́n sì ti gbin òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yí i ká, irú èyí tó máa ń tanná lásìkò oṣù Kẹta.

Owó Júù wà nínú ògiri Westminster Abbey pàápàá. Nígbà tí David ará Oxford kú ní 1244, Henry Kẹta ti opó rẹ̀, Licoricia ará Winchester, mọ́ ilé ìṣọ́ Tower ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi ṣírò ogún, wọ́n sì bu 5,000 máàkì lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n kó lọ síbi Abbey tí ọba ń tún kọ́. Obìnrin náà jáde, ó gbé òwò rẹ̀ dìde, ó tún ń yá àwọn ọlọ́lá lówó títí di 1277, tí wọ́n bá òkú òun àti ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Láti 2022 ni ère rẹ̀ ti dúró ní Winchester, ó di ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ mú.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Láti 1144 ni wọ́n ti ń parọ́ ní Norwich pé Júù pa ọmọ Kristẹni kan fi ṣe ètùtù, irọ́ tó lọ káàkiri Yúróòpù tí kò sì tíì kú tán. Láti 1218, Júù gbọ́dọ̀ lẹ àmì mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Owó orí lórí owó orí. Ní 1275, Edward Kìíní fòfin de gbígba èlé, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó ṣe é jẹ. Àgbò ti rù kan egungun. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1290, ọba pàṣẹ pé kí gbogbo Júù jáde kúrò nílẹ̀ òun kí oṣù Kọkànlá tó wọlé. Nǹkan bí 2,000 sí 3,000 ni wọ́n. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ní kí àwọn tó kó sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́nu odò Thames nígbà tí omi fà, kí wọ́n na ẹsẹ̀. Nígbà tí omi ń padà bọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n ké pe Mósè. Omi gbé wọn lọ. Wọ́n yẹgi fún un nítorí èyí.

Ọdún 366 kọjá. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé ìgbà tí Ìlú Ọba kò lọ́ba ni ilẹ̀kùn tún ṣí. Wọ́n ti bẹ́ orí Charles Kìíní ní 1649, Oliver Cromwell ló ń ṣàkóso. Ní 1655, Rábì kan láti Amsterdam, Menasseh ben Israel, sọdá òkun wá bá a. Ó ní àwọn oníṣòwò Júù yóò mú owó wọ ilẹ̀ náà, ìyẹn dùn létí Cromwell. Menasseh tún gbà gbọ́ pé Júù gbọ́dọ̀ fọ́n ká dé ìpẹ̀kun ayé kí Mèsáyà tó dé, ìpẹ̀kun ayé sì ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé Hébérù àtijọ́. Ó tẹ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ síwèé. Ó fi àdúrà kan sínú rẹ̀, èyí tí àwọn Júù máa ń gbà ní sínágọ́gù fún ọba ilẹ̀ yòówù tí wọ́n bá ń gbé, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè rí i pé àwọn kì í ṣọ̀tẹ̀. Gbòǹgbò àdúrà náà wà nínú lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, pé kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ.

Cromwell pe ìpàdé ní Whitehall ní oṣù Kejìlá. Àwọn pásítọ̀ yarí, àwọn oníṣòwò yarí, ìpàdé túká láìfẹnu kò síbì kan. Ohun kan ṣoṣo tó ti ibẹ̀ jáde ni pé àwọn adájọ́ sọ pé kò sí òfin tó ní kí Júù má gbé ilẹ̀ náà, ọba kan ló kàn lé wọn jáde. Àwọn Júù Sípéènì àti Potogí mélòó kan ti ń fi ara pamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù bíi Kátólíìkì. Wọ́n yọjú ní 1656, wọ́n háyà ilé kan ní Creechurch Lane fún àdúrà, wọ́n sì gba ilẹ̀ ìsìnkú sí Mile End. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé pé kí wọ́n wọlé. Wọ́n kàn rí i pé ẹnikẹ́ni kò lé wọn jáde. Menasseh kò mọ èyí sí àṣeyọrí. Òkú ọmọ rẹ̀ ló gbé lọ sílé ní 1657, òun náà sì kú kó tó dé Amsterdam.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1663, Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sílẹ̀, mú ìyàwó rẹ̀ lọ wòran ní Creechurch Lane. Ó rí àwọn ọkùnrin nínú aṣọ àdúrà tí wọ́n fi borí, àwọn obìnrin sì wà lẹ́yìn ògiri onígi tó ní ihò, ojú kò tó wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwọn ìwé Òfin jáde, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé po, orin ń lọ, ẹ̀rín ń lọ, olúkúlùkù fẹ́ bá wọn gbé e. Ó ya Pepys lẹ́nu, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé èèyàn lè sin Ọlọ́run nírú ọ̀nà játijàti bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ Simchat Torah lòun lọ, ọjọ́ tí wọ́n ń parí kíka ìwé Mósè tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ọjọ́ ijó ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà lọ́jọ́ ìkórè yóò rò bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nínú ariwo yẹn, etí Pepys mú ohun kan: wọ́n gbàdúrà fún ọba. Èdè Hébérù ni àdúrà, orúkọ ọba nìkan ni wọ́n fi èdè Potogí pè.

Ọba ti padà nígbà náà, Charles Kejì. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ló fọwọ́ síwèé pé kẹ́nikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu.

Ní 1701, wọ́n kúrò nínú ilé háyà, wọ́n ṣí sínágọ́gù Bevis Marks, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí Creechurch Lane. Joseph Avis tó kọ́ ọ jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pé kò gba èrè, pé òun kì í jèrè lórí ilé Ọlọ́run. Ẹ wọ inú ilé náà lónìí, bó ṣe wà nígbà náà ló wà. Gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kò láwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé gbuurugbu. Àga onígi rẹ̀ ti dúdú, ìdí àwọn èèyàn ti dán an. Láti òrùlé ni wọ́n so ọ̀pá fìtílà onídẹ elẹ́ka púpọ̀ méje rọ̀, iye ọjọ́ tó wà lọ́sẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá wà tàbí ọdún ńlá, àbẹ́là tó lé ní 200 ni wọ́n ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tó di ti gbogbo ìlú: ẹja tí àwọn Júù Potogí ń pò mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dín ní Jímọ̀ kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ní tútù ní Sátidé, òun ni baba ẹja díndín tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ tí wọ́n sì ń fi yangàn.

Ọ̀rọ̀ ọba tún ló bí ẹgbẹ́ wọn tó lágbára jù. Nígbà tí George Kẹta gorí oyè ní 1760, àwọn Júù Potogí yan aṣojú lọ kí i. Àwọn Júù tó ti Jámánì àti Póláńdì wá, tí wọ́n ti ní sínágọ́gù tiwọn ní Duke's Place, bínú pé wọn kò pe àwọn. Wọ́n parí ìjà, wọ́n gbà láti máa lọ pọ̀. Bí Board of Deputies ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì wà dòní. Bevis Marks kan náà ló pàdánù Benjamin Disraeli. Wọ́n fi Isaac bàbá rẹ̀ joyè nínú ìjọ, ó kọ̀, wọ́n bu ìtanràn 40 pọ́n-ùn lé e, ló bá bínú jáde, ó sì ní kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1817. Ọmọ ọdún 12 ni Benjamin. Bí kì í bá ṣe ìtanràn yẹn, kò ní lè di olórí ìjọba ní 1868 bó ṣe dì í, torí títí di 1858, ẹni tó bá fẹ́ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́dọ̀ búra gẹ́gẹ́ bíi Kristẹni.

Lionel de Rothschild ló já ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dìbò fún un ní 1847, wọn kò jẹ́ kó jókòó. Wọ́n tún dìbò fún un, wọ́n tún lé e padà. Ọdún 11 ló gbà á kó tó wọlé, ó fi fìlà sórí, ó fi Májẹ̀mú Láéláé búra. Ọdún 15 ló lò níbẹ̀ láìdìde sọ̀rọ̀ kan. Èmi rò pé ìjókòó yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òjíṣẹ́ wọn ń wọ kọ́là pásítọ̀, wọ́n ń jẹ́ Reverend. Àwọn alákòóso sínágọ́gù ń dé fìlà gogoro dúdú. Ìjọba ló fi òfin dá ìjọ wọn, United Synagogue, sílẹ̀ ní 1870. Àfi bí àwọn Júù Rọ́ṣíà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn 1881, tí wọ́n ń sá fún ìpànìyàn. Wọ́n ń sọ èdè Yídíìṣì, irùngbọ̀n wọn gùn, wọ́n ń gbé mẹ́jọ-mẹ́jọ nínú yàrá kan ní Whitechapel. Ẹ̀rù ba àwọn tó ti wà nílé. Ní 1888, Rábì Àgbà Nathan Adler kọ̀wé sí àwọn rábì ìhà ìlà oòrùn Yúróòpù pé kí wọ́n sọ fún àwọn èèyàn wọn kí wọ́n má wá. Síbẹ̀, wọ́n ń wá. Adìẹ bà lókùn, ara rọ okùn bí, ara rọ adìẹ? Àwọn tuntun ní ẹran tí Rábì Àgbà fọwọ́ sí kò mọ́ tó. Ní 1898, wọ́n ra ilé kan ní igun Brick Lane, wọ́n sọ ọ́ di sínágọ́gù Machzike Hadath. Àwọn Faransé tó sá fún inúnibíni ló kọ́ ilé náà ní 1743 fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mẹ́tọ́díìsì sì lò ó lẹ́yìn wọn. Láti 1976, mọ́ṣáláṣí ni, ti àwọn ará Bangladesh.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ni Michael Marks. Ó ń gbé ẹrù kiri abúlé ní Yorkshire bí àwọn òṣómàáló wa, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti dúnàádúrà. Nígbà tó rí ìsọ̀ ní ọjà Leeds ní 1884, ó kọ ọ́ síwájú ìsọ̀ pé kí wọ́n má béèrè iye, pẹ́nì kan ni gbogbo rẹ̀. Marks & Spencer tí àwọn ènìyàn wa ń ra aṣọ inú níbẹ̀ nìyẹn.

Arthur Balfour ni olórí ìjọba nígbà tí wọ́n ṣòfin 1905 láti dín wíwọlé wọn kù. Balfour yìí náà ló kọ lẹ́tà 1917 tó ṣèlérí ilé fún àwọn Júù ní Palẹ́sìnì. Edwin Montagu, Júù kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba, ló bá a jà jù lórí rẹ̀. Ó ní bí ẹ bá sọ pé ibòmíràn nilé mi, kí lẹ fẹ́ kí n máa jẹ́ níbí?

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1936, Oswald Mosley, olórí àwọn Fáṣíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ aláṣọ dúdú gba àdúgbò Júù kọjá. Board of Deputies ní kí àwọn èèyàn jókòó sílé. Wọn kò jókòó. Àwọn aránṣọ Júù àtàwọn ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté dí Cable Street pa, Mosley sì yí padà. Lẹ́yìn ogun, ó kan Ridley Road ní Dalston. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu, ata rodo àti pọ̀nmọ́ níbẹ̀, ọjà Júù ni nígbà yẹn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Mosley ń wá gun àpótí níbẹ̀ láti bú wọn, àwọn ọmọ Júù tó ti ojú ogun Hitler dé sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1946, 43 Group, wọ́n ń lọ dojú àpótí náà bolẹ̀. Mi ò rí ẹni tó gbàdúrà fún ọba nínú ìtàn yẹn. Ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n lò.

Ìkànìyàn 2021 ka 271,000 Júù ní England àti Wales. Barnet nìkan ní ju 56,000 lọ. Ní Stamford Hill, wọ́n ń sọ Yídíìṣì títí dòní, ọmọ wọn pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ilé àdúrà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ọba. Ní United Synagogue, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Àdúrà fún orílẹ̀-èdè Israel ló máa ń tẹ̀ lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìbéèrè Montagu sì wà láàárín méjèèjì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ Yom Kippur tí wọ́n ń gbààwẹ̀, ọkùnrin kan fi mọ́tò kọlu àwọn èèyàn níwájú sínágọ́gù Heaton Park ní Manchester, ó tún yọ ọ̀bẹ. Júù méjì kú, ọta àwọn ọlọ́pàá tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ ló ba ọ̀kan nínú wọn.

Bevis Marks gba àlejò. Ẹ má lọ ní Sátidé, ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọn kì í sì í ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo àwọn ọ̀pá fìtílà méje, kí ẹ sì gbójú sókè nínú àgbàlá, torí wọ́n ti jà kí wọ́n má fi ilé àwòṣífìlà dí ojú ọ̀run níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń súre fún oṣù tuntun. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá ní kí ẹ ṣí báàgì yín, ẹ tètè ṣí i fún un.